Bí Mo Ṣe Tú Àwọn Bóòtì Tó Ti Gan Lábẹ́ Ọkọ̀

Páìpù èéfín tó ti jẹ ni mo fẹ́ pààrọ̀. Iṣẹ́ náà kò le rárá, bí kì í bá ṣe ti àwọn bóòtì mẹ́ta tó dè é mọ́ páìpù iwájú, tí wọ́n ti dógùn-ún débi pé ojú kò fẹ́ẹ̀ lè ya nọ́ọ̀tì sọ́tọ̀ kúrò lára bóòtì mọ́. Omi ojú ọ̀nà ń ta sí wọn, ooru èéfín ń sè wọ́n, ìpáàrà sì máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ. Bí ó ṣe ń wú sáàárín eyín nọ́ọ̀tì àti ti bóòtì, ìyẹn àwọn ilà tó yí wọn ká tí wọ́n fi ń wọnú ara wọn, ni ó ń há wọn pọ̀, ìdí sì nìyí tí agbára apá nìkan fi máa ń ṣẹ́ bóòtì kí ó tó tú u.

Mo gbé ọkọ̀ náà sókè lórí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú, mo fi igi há àwọn táyà tó kù nílẹ̀, mo sì gbé e ka orí ẹsẹ̀ irin, nítorí èmi kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e ró, pàápàá nígbà tí mo mọ̀ pé mo máa fa irin gígùn tí yóò mì ín. Mo wọ ìbọ̀wọ́ àti awò tó ń dáàbò bo ojú.

Búrọ́ọ̀ṣì onírin ni mo kọ́kọ́ mú. Mo fi ha eyín bóòtì tó yọ síta títí ó fi mọ́, torí pé gbogbo ìdọ̀tí tó bá wà níbẹ̀ ni nọ́ọ̀tì yóò gùn kọjá bí ó bá ń jáde bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fín òróró tó ń tú ìpáàrà sí i, mo fi òòlù kan orí bóòtì pẹ́pẹ̀pẹ́ kí òróró náà lè rí ọ̀nà wọlé, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó tún fín òmíràn. Òróró ẹ́ńjìnnì kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ó ki jù.

Sókẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà, ìyẹn irin oníhò tí a ń fi bọ orí nọ́ọ̀tì láti tú u, ni mo lò. Onígun méjìlá máa ń di igun nọ́ọ̀tì nìkan mú, igun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ yọ̀. Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ ti jẹ débi pé sókẹ́ẹ̀tì 14 mm ń gbọ̀n lórí rẹ̀, nítorí náà mo fi òòlù gbá 13 mm wọ̀ ọ́ títí ó fi dì í mú pinpin. Mo dè é díẹ̀ sí i ná, lẹ́yìn náà ni mo wá fà á sí apá títú. Ó dún “kà!” Ìró yẹn dára létí mi, nítorí òun ni àmì pé ìpáàrà ti já. Síbẹ̀ n kò fà á jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ti ń le, mo máa ń dá a padà díẹ̀, n óò fín òróró sí i, n óò tún tú u.

Ìkejì kò dún rárá. Ó ń yí, ṣùgbọ́n bí mo bá dẹ ọwọ́, ó ń fà padà bíi rọ́bà. Bóòtì tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò tú, ara rẹ̀ ló ń lọ́, ó sì ti sún mọ́ ṣíṣẹ́. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀. Iná gáàsì ni mo mú fún un, lẹ́yìn tí mo ti wò ó dájú pé kò sí páìpù epo, páìpù bíréèkì tàbí rọ́bà nítòsí, tí mo sì ti nu òróró ara rẹ̀ kúrò. Irú omi ìfọ̀ bíréèkì tó ní chlorine nínú kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí iná bá wà, nítorí ó lè di gáàsì olóró. Nọ́ọ̀tì ni mo da iná sí, kì í ṣe bóòtì, kí òun lè fẹ̀ kúrò lára èyí tó wà nínú rẹ̀. Bí ó ṣe pọ́n díẹ̀ ni mo gbé iná kúrò, nígbà tó sì tutù díẹ̀, mo fi àbẹ́là kan eyín rẹ̀. Ó yọ́, ó sì wọnú lọ lójú mi. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ọ̀tì náà gbà.

Ìkẹta kò ní igun kankan mọ́. Mo fi gíráńdà gé ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì náà títí ó fi kù díẹ̀ kí ó kan eyín bóòtì, mo wá fi ṣísẹ́ẹ̀lì là á. Irú èyí ṣeé ṣe nítorí bóòtì tuntun wà nílẹ̀. Ká ní inú irin mìíràn ni bóòtì náà ṣẹ́ sí ni, ǹ bá kúkú jẹ́ kí wọ́n jó nọ́ọ̀tì kan mọ́ kùkùté rẹ̀, torí pé ooru ìjórin náà á tún bá wa tú u. Irin líle tí wọ́n ń gbá sínú ihò láti fi yọ bóòtì tó ṣẹ́ kò wù mí. Bí òun náà bá kán síbẹ̀, dírílì lásán kò ní lè lu ú.

Mo fi gúrísì tó ní lẹ́búlẹ́bú bàbà nínú pa eyín àwọn bóòtì tuntun, mo sì dè wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ yíká. Bóòtì tó bá ní gúrísì máa ń le ju bí ọwọ́ ṣe rò lọ, nítorí náà n kò fà wọ́n dé ìwọ̀n agbára dídè tí wọ́n kọ fún bóòtì gbígbẹ tí kò ní gúrísì.