Bí Ìwé Ìròyìn Bá Kọ Ohun Tí Kò Ṣẹlẹ̀ Nípa Yín

Ẹ má tíì sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá ti akọ̀ròyìn mọ́lé, irọ́ tó kọ ṣì wà níta. Ẹ kọ́kọ́ ra ẹ̀dà méjì ìwé ìròyìn náà. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ya àwòrán ojú ewé náà tòun ti déètì, torí wọ́n lè yọ ọ́ kílẹ̀ tó mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi báírò fàlà sí gbólóhùn tó jẹ́ irọ́ gan-an. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: ohun tó dùn wá yàtọ̀ sí ohun tí kì í ṣe òótọ́. Bí wọ́n bá fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ní kóòtù pé òótọ́ ni, ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ parí nìyẹn.

Ẹ wá kọ lẹ́tà sí olóòtú. Kó ṣe ṣókí:

“Ní ojú ewé 5 ìwé ìròyìn yín ti ọjọ́ Ẹtì, ẹ kọ ọ́ pé ọlọ́pàá tì mí mọ́lé. Wọn ò tì mí mọ́lé. Wọ́n pè mí wá jẹ́rìí ni, mo sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ìwé tí wọ́n fi pè mí nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe.”

Ẹ jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pé àwọn ti gbà á. Ẹ̀tọ́ yín lẹ ń béèrè. Ìlànà iṣẹ́ tí àwọn akọ̀ròyìn Nàìjíríà fọwọ́ sí ní Ìlọrin lọ́dún 1998 ní kí wọ́n tètè ṣàtúnṣe, kí wọ́n sì fún ẹni tọ́rọ̀ kàn láyè láti fèsì. Ìròyìn ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ má gbà kí wọ́n há àtúnṣe rẹ̀ sábẹ́ ìkéde òkú.

Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ gbé ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ Nigerian Press Council, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ìwé ìròyìn. NBC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ilé iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́, ni ti rédíò àti tẹlifíṣàn.

Bó bá di kóòtù, ẹ má fi falẹ̀, torí òfin ní gbèdéke. Agbẹjọ́rò yín lè pe akọ̀ròyìn, olóòtú àti iléeṣẹ́ náà pọ̀. Ibẹ̀ ni lẹ́tà yẹn ti máa ń ṣiṣẹ́: wọn ò lè sọ pé àwọn ò mọ̀ mọ́. Lọ́dún 2023, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Fox News ní Amẹ́ríkà gbà láti san 787.5 mílíọ̀nù dọ́là fún Dominion, iléeṣẹ́ ẹ̀rọ ìdìbò, lórí irọ́ nípa ìbò 2020. Àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ Fox fúnra wọn ló tú wọn fó, pé wọn ò gba ohun tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ gbọ́.

Bí àtúnṣe bá jáde, ẹ gé e, ẹ tọ́jú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó fi ìròyìn àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp.