Bí mo ṣe pinnu lórí jíìpù àlòkù tí mo rà ní Ẹ̀pẹ́

Ẹja àrọ̀ ni mò ń sìn. Pọ́ńdù mi wà lẹ́yìn Ìlárá, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti Ẹ̀pẹ́. Téèyàn bá ti yà kúrò lórí títì ọlọ́dà, kìlómítà 4 ilẹ̀ amọ̀ ló kù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò sí wàhálà, mọ́tò mi kékeré ń lọ, ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni sàléńsà mi já sínú ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́kadà mẹ́ta ni mo bẹ̀ kí wọ́n bá mi kó àpò oúnjẹ ẹja 20 wọlé, àpò kan kìlógíráàmù 15, owó tí wọ́n sì gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ ra àpò kan mìíràn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ pé ó tó, jíìpù ni màá rà.

Kí n tó wo ọkọ̀ kankan, mo kọ́kọ́ ṣírò epo. Láti ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sẹ́ni tó lè ra ọkọ̀ ńlá láìṣírò. Mọ́tò mi ń jẹ nǹkan bíi lítà 8 ní kìlómítà 100. Jíìpù ẹlẹ́ńjìnì lítà 4 lè jẹ 15. Tó bá jẹ́ pé Èkó ni mò ń lọ lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Àmọ́ gbogbo ìrìn oko mi kò ju kìlómítà 100 lọ́sẹ̀ kan, lítà 7 péré sì ni ìyàtọ̀ ibẹ̀. Owó ọlọ́kadà ju ìyẹn lọ dáadáa. Mo wá pinnu pé mi ò ní ta mọ́tò kékeré, jíìpù á máa lọ oko nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí gbèsè. Kì í ṣe gbogbo jíìpù tó ga ló jẹ́ fọ́wíìlì o. Pathfinder àti Xterra ti Nissan, 4Runner ti Toyota, gbogbo wọn ni wọ́n ṣe ní oríṣi méjì fún Amẹ́ríkà: èyí tí ẹ́ńjìnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti èyí tó jẹ́ ti ẹ̀yìn nìkan ló ń yí. Ara wọn kò yàtọ̀ síra wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: ṣáàfùtì, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ bá táyà, gbọ́dọ̀ jáde lọ síwájú pẹ̀lú, kó má jẹ́ sẹ́yìn nìkan. Tí ti iwájú ò bá sí, ẹrẹ̀ á mú un bó ṣe ń mú Camry.

Èyí tí mo kọ́kọ́ lọ wò jẹ́ 4Runner 2005, tòkunbọ̀, ní Ìkòròdú. Ó dúdú, ó ń dán bí ẹni tó fi òróró para. Ẹni tó ń tà á ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ dè wá. Mẹkáníìkì mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan." Ọ̀dà dúdú nípọn lára ṣaasí, ó ṣì ń rùn. Ó wá ń fi ìdí sukudíráfà kàn án láti iwájú bọ̀ sẹ́yìn, ohùn irin gidi la sì ń gbọ́. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, ohùn náà kú, bí ìgbà téèyàn ń lu páálí tó rin. Ó yí sukudíráfà padà, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ tì í díẹ̀, ó wọlé. Èépá irin kan já bọ́, ó pọ́n, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

Iyọ̀ ló fà á. Ní àríwá Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn á sì máa jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ lọ́dọọdún. Lára jíìpù irú èyí, orí ṣaasí ni wọ́n de gbogbo nǹkan mọ́, àtẹ́ńjìnì, àtẹsẹ̀, àtara ọkọ̀. Ẹni tó ń tà á ní wẹ́dà á jó o láàárín wákàtí méjì. Mo ní, "Ẹ ṣeun sà." Inú mi bàjẹ́, mi ò ní purọ́, torí ọkọ̀ yẹn wù mí. A wọ bọ́ọ̀sì, a gba Ìtòìkín padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n júwe Àlàájì kan fún mi, láàárín Ẹ̀pẹ́ níbí, tó fẹ́ ta Pathfinder rẹ̀ tó ti lò fún ọdún mẹ́fà. Ó ní 2008 ni, 5,200,000 náírà lòun ń tà á. Ṣaasí rẹ̀ ń dún bí irin láti iwájú dé ẹ̀yìn, ṣáàfùtì iwájú sì wà níbẹ̀. Mo wá lọ ka nọ́ńbà ṣaasí nínú gíláàsì iwájú. Lẹ́tà àti òǹkà 17 ni, ìkẹwàá wọn ló ń sọ ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì. 6 ni mo rí níbẹ̀, ìyẹn 2006. Àlàájì bẹ̀rẹ̀, ó wọ awò, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ọmọ mi, bí wọ́n ṣe tà á fún èmi náà nìyẹn." Mo gbà á gbọ́.

Ibi tó gba èrò jù ni gíà. Pathfinder 2005 sí 2010 ní àrùn kan tí gbogbo mẹkáníìkì Nissan mọ̀. Inú rèdíétọ̀ ni ọ́ìlì gíà ti ń tutù, nínú páìpù kan tí omi yí ká. Tí páìpù yẹn bá sán lọ́jọ́ kan, omi á wọnú gíà, ọ́ìlì á wọnú omi, gbogbo rẹ̀ á di píńkì, á ki bí ọ̀gì. Ó máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù tó lẹ awọ ara páànù inú gíà, gíà á sì kú pátápátá. Owó gíà sì ga gan-an.

Ẹnjiníà ní kí Àlàájì má tíì ta iná sí i. Ó ṣí ọmọrí rèdíétọ̀ ní tútù, ó ti ìka bọ̀ ọ́. Omi aláwọ̀ ewé ni, kò sí ìfófòó. Igi tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì gíà kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn ń fà yọ, bóòtù ló dè é. Ó fi sípánà 10 tú u, ó nù ún sára bébà funfun. Àbàwọ́n náà pupa, ó mọ́, ó sì ń tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo dúró tì í ju ìṣẹ́jú kan lọ, mò ń wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. Kò yí padà. Ṣùgbọ́n rèdíétọ̀ tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀.

Ohun tí mo ní láti pinnu gan-an nìyẹn. Ọkọ̀ náà kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ohun tó lè pa á wà lára rẹ̀. Ẹnjiníà ní rèdíétọ̀ tuntun, àti kúlà ọ̀tọ̀ fún gíà tí kò ní fojú kan omi, ló lè mú ọkàn wa balẹ̀.

A gbé e lọ sọ́nà oko mi, Àlàájì jókòó níwájú. Òjò ti rọ̀ lánàá rẹ̀. Ní ibi tí mọ́tò mi ti máa ń rì, mo dúró, mo fi gíà sí N, mo tẹ búrẹ́ẹ̀kì, mo ti nọ́ọ̀bù fọ́wíìlì wọlé, mo yí i sí 4LO, ibi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń yí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú agbára ńlá. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó wá dúró gbọin. Mo fi gíà sí D, mo ju búrẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ láìfẹsẹ̀ kan ìtẹ̀ epo rárá, ọkọ̀ náà ń rá lọ fúnra rẹ̀, ẹrẹ̀ ń pariwo lábẹ́ táyà, a sì gun òkè yẹn láìyọ̀. Àlàájì ní, "Mi ò ti ẹ̀ lo nǹkan yìí rí."

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìwé oní-ọkọ̀ bá nọ́ńbà ṣaasí mu. Òǹkà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára táyà méjì jẹ́ 2315, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2015. Wọ́n ti gbó, bí ojú wọn ò tilẹ̀ tíì jẹ.

Mo kó gbogbo rẹ̀ síwájú Àlàájì láìpariwo: ọdún tó yàtọ̀, rèdíétọ̀, táyà méjì. A jọ ná an títí di 4,550,000. Mo bẹ̀ ẹ́ pé mi ò ní wà á kúrò nílé rẹ̀ títí rèdíétọ̀ tuntun á fi wọlé, ó sì gbà. Abẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ ni Ẹnjiníà ti ṣe é, rèdíétọ̀, kúlà àti ọ́ìlì tuntun, 260,000 pẹ̀lú owó iṣẹ́. Ọjọ́ kejì ni mo kó àpò 20 sẹ́yìn rẹ̀, mo yà kúrò ní títì ní Ìlárá, òjò sì ń rọ̀.