Ògì Ni o, Kì í Ṣe Ibà

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe àyẹ̀wò ibà láàárín oṣù méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ra oògùn rẹ̀, láìka èyí tí ọmọkùnrin oníkẹ́mísì àdúgbò wa ní Sùúrùlérè dì fún mi sínú ọ̀rá. Nígbà tí mo ṣírò gbogbo rẹ̀, ó lé ní ₦45,000. Bẹ́ẹ̀, kò sí ibà kankan lára mi. Ògì tí mo ń da ṣúgà àti mílíìkì sí ló ń dá mi wó.

Léèsì ni mo ń tà ní Balógun. Ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá mi fínra tipẹ́, orúnkún kò sì jẹ́ kí n lè gun àtẹ̀gùn dé ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Àwọn ọmọ mi dáwó jọ, wọ́n ní kí n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń jẹ́ kí ẹni tó sanra jù fúyẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní bypass. Ti àyẹ̀wò ṣáájú, ti ọjọ́ tí mo lò ní ọsibítù, mi ò ní í fi ìyẹn gba àkókò yín. Wọ́n ṣe é, mo jí, mo wálé. Mo mu nǹkan olómi, mo bọ́ sórí oúnjẹ lílọ̀, lẹ́yìn náà oúnjẹ rírọ̀. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú lára mi, inú mi ń dùn.

Oṣù kẹta ni wàhálà dé. Mo máa ń mu ògì láàárọ̀ kí n tó wọ danfo lọ sí Ìdúmọ̀tà. Kí a tó gun afárá Èkó, àyà mi á ti máa lù kì-kì-kì, òógùn á bò mí, òòyì á máa kọ́ mi, inú á máa ru bí ẹni tí ìgbẹ́ fẹ́ yọ lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní kí awakọ̀ já mi sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Kọ̀ńdọ̀ bú mi títí tí mo fi sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí pẹ̀lú báàgì léèsì lórí ẹsẹ̀, tí mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó má fi mí ṣẹ̀sín. Tí mo bá sì ti fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, ó tán, bí ẹni pé kò ṣe mí rí.

Oníkẹ́mísì ní, "Màmá, ibà ni, ibà pọ̀ nígboro." Èsì àyẹ̀wò ní kò sí ibà, oníkẹ́mísì ní ó fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ìyá ọkọ mi ní àwọn ará ọjà ló ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n mú mi lọ gbàdúrà. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún mi ní ọsibítù. Ẹni tó gbé e ní kí n sinmi, kí n máa mu omi dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè, ìdáhùn kan náà. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé ibuprofen, oògùn ara ríro, wà nínú oògùn inú ọ̀rá yẹn. Ẹni tó ti ṣe bypass kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan án bí kò ṣe pé dókítà rẹ̀ ló ní kó lò ó, nítorí ó lè dá egbò sí ojú ibi tí wọ́n ti so ìfun pọ̀. Mo ti gbé márùn-ún mì kí n tó mọ̀.

Èmi fúnra mi ni mo tú u. Ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè oníbàárà, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń kọ ohun tí mo jẹ, aago tí mo jẹ ẹ́, àti ìgbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi hàn kedere. Ọjọ́ mọ́ínmọ́ín, kò sí nǹkan. Ọjọ́ ẹyin, kò sí nǹkan. Ọjọ́ ògì, ó dé. Ọjọ́ tí oníbàárà kan ra málítì fún mi, ó dé ẹ̀ẹ̀mejì: kété tí mo mu ún tán, àti lẹ́yìn wákàtí méjì. Mo fi ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ṣúgà wò ó lẹ́ẹ̀kejì yẹn, 54 mg/dL ló gbé jáde, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Lẹ́yìn málítì o!

Mo gbé ìwé náà lọ bá ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Yábàá. Ó kà á, ó pariwo, "Bíìgì Mọ́mì, kò sẹ́ni tó ya àwòrán inú yín fún yín ni?" Kò sí. Ó mú ẹ̀yìn rìsíìtì, ó yà á síbẹ̀.

Àpò tí oúnjẹ mi ń kọ́kọ́ bọ́ sí báyìí kò ju ẹyin adìyẹ lọ. Ìyókù àpòlúkù náà ṣì wà nínú mi, wọn kò gé e sọnù, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò gbabẹ̀ kọjá mọ́. Wọ́n gé ìfun kékeré, wọ́n fa apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ gòkè wá so mọ́ àpò kékeré yẹn. Oúnjẹ ń gba ọ̀nà tuntun, òróòro àti omi tó ń da oúnjẹ ń gba ọ̀nà àtijọ́, ó di ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó pàdé. Mo ní, bí ẹni tó gba Third Mainland àti ẹni tó gba afárá Èkó, tí wọ́n jọ wá pàdé ní Ìdúmọ̀tà? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Àṣé máígádì kan wà ní ẹnu ìsàlẹ̀ àpòlúkù, tó ń jẹ́ kí oúnjẹ wọ ìfun díẹ̀díẹ̀. Lójú ọ̀nà tuntun mi, kò sí máígádì. Ṣúgà inú ògì ń ya wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ da ṣúgà sórí ọ̀pẹ òyìnbó tí ẹ gé, ẹ fi í lẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí omi tí yóò fà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà ṣe ń fa omi inú ẹ̀jẹ̀ wọ ìfun: ìfun á wú, ọkàn á máa sáré. Dumping ni wọ́n ń pè é. Ìṣẹ́jú 10 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ ló máa ń dé. Èyí tó dé lẹ́yìn wákàtí méjì, ínsúlínì tí ara tú jáde jù ló fà á, tó já ṣúgà ẹ̀jẹ̀ walẹ̀.

Ó tún bi mí léèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ mi, èyí tó ní irin nínú. Mo ní òun àti kálísíọ̀mù ni mo ń gbé mì pa pọ̀, pẹ̀lú tíì. Ó káwọ́ lérí. Ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, níbi tí ara ti ń gba irin inú oúnjẹ jù, ni oúnjẹ mi ń fò kọjá. Ìwọ̀nba tó kù, kálísíọ̀mù àti tíì ń bá a jà. Wákàtí méjì ló yẹ kó wà láàárín wọn. Ti fítámì B12 tún yàtọ̀: ohun tó ń sìn ín lọ dé ibi tí ara ti ń gbà á, àpòlúkù ló ń ṣe é, oúnjẹ mi kò sì gbabẹ̀ kọjá mọ́. Títí ayé ni mo máa lo tèmi. Owó rẹ̀ kò sí nínú iye tí wọ́n dá fún wa ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ìyẹn náà ṣì ń dùn mí.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ní kí dókítà ya inú yín sórí ìwé kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì fi tèmi wo ti ọ̀rẹ́ yín tó ṣe sleeve. Ìyẹn, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù ni wọ́n gé sọnù, wọn kò yí ọ̀nà ìfun padà.

Dókítà ti dín oògùn ìtọ̀ ṣúgà mi kù sí ìdajì, mo sì ń gun àtẹ̀gùn. Ògì kò tíì kúrò nílé wa, ẹ̀wà lílọ̀ ni mo ń pò mọ́ ọn báyìí, láìsí ṣúgà, ife kékeré kan. Aago 10 àti aago 12 ni fóònù mi ń dún ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan fún oògùn ẹ̀jẹ̀, èkejì fún kálísíọ̀mù. Àwọn oníbàárà rò pé àkókò àdúrà ni.