Àmì tí kì í yúnni, tí kì í dunni: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ẹ̀tẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe tó burú jù nìyí: kí àmì kan yọ lára yín, kó pọ́n díẹ̀ tàbí kó fẹ́ funfun ju ara yòókù lọ, kẹ́ ẹ wá ní torí pé kò yún yín, kò sì dùn yín, kò lè jẹ́ nǹkan gidi. Àìyún yẹn gan-an ló yẹ kó já yín láyà! Làpálàpá máa ń yúnni, àmọ́ iṣan tá a fi ń mọ nǹkan lára ni ẹ̀tẹ̀ máa ń bá jà, ojú àmì náà á wá kú, ẹ ò ní mọ nǹkan kan lára níbẹ̀ mọ́. Ẹ dijú, kí ẹnì kan fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan àmì náà, kó tún fi kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n lórí àmì, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má fòní dọ́la. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n náà tí àmì ọ̀hún ò lọ, ẹ ṣì lọ, torí kì í ṣe gbogbo àmì ẹ̀tẹ̀ ló máa ń kú.

Ẹ má sáré lọ ra kírímù. Èyí tó ní stẹ́rọ́ìdì nínú, ìyẹn oògùn tó ń jẹ́ kí ara tó pọ́n tàbí tó wú rọlẹ̀, lè jẹ́ kí àmì náà rọlẹ̀ bíi pé ó ti san, kòkòrò ẹ̀tẹ̀ á ṣì wà lábẹ́ tí á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Awọ ara nìkan kọ́ o. Tí sílípáàsì bá ń bọ́ lẹ́sẹ̀ yín tẹ́ ẹ ò mọ̀, tí ìkòkò gbóná jó yín tí kò dùn yín, tí ojú kan ò pa dé dáadáa mọ́, tàbí irun òkè ojú ń re, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Àwọn kan ń dúró dìgbà tí ìka bá ń gé, bẹ́ẹ̀ ọgbẹ́ téèyàn ò mọ̀ lára ló ń ba ìka jẹ́, ìyẹn ti pẹ́ jù.

“Mi ò sún mọ́ ẹnikẹ́ni tó ní in” náà ò fi nǹkan kan hàn, ó lè tó ọdún 5, àní ọdún 20, kí àmì tó yọ.

Bí ìtìjú ṣe ń dá àwọn èèyàn dúró nílé ló ń dùn mí jù, torí oògùn wà, ọ̀fẹ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń pín in láti 1995, oṣù 6 tàbí 12 lẹ máa lò ó. Ìtọ̀ lè pupa, ara lè dúdú díẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ dá a dúró láàárín ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá ti ń lò ó, kì í pẹ́ tí ẹ ò fi ní lè kó o ran ẹlòmíì mọ́. Kẹ́ ẹ sì mú gbogbo ará ilé lọ, títí kan àwọn ọmọdé, kí wọ́n yẹ àwọn náà wò.