Ìmọ̀ràn Lórí Híhun Aṣọ Ọyẹ́

Ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ kíróṣéè ní Àkúrẹ́, ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun fìlà àti súwẹ́tà ọyẹ́ láti oṣù Kẹsàn-án tí òjò ṣì ń rọ̀, nítorí pé bí ọyẹ́ bá ti dé, oníbàárà kì í fẹ́ dúró mọ́. Bí ẹ bá lọ sí Ọjà Ọba, ẹ ra gbogbo òwú tí iṣẹ́ náà máa gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì wo nọ́ńbà aró (èyí tó ń fi àwọn òwú tí wọ́n jọ pa láró lẹ́ẹ̀kan náà hàn) tó wà lára bébà tí wọ́n fi di òwú náà. Bí nọ́ńbà yìí bá yàtọ̀, pupa méjì tó jọra lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù lè di ìlà gàdàgbà lẹ́yìn súwẹ́tà nínú oòrùn. Èyí tí kò bá ní bébà, ẹ gbé e síta wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ hun ègé kékeré kan tó ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ díẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kí ó gbẹ, kí ẹ tó ka ojú òwú rẹ̀ láti mọ iye ojú tí iṣẹ́ náà máa gbà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kórìíra ìgbésẹ̀ yìí (mi ò dá wọn lẹ́bi), ṣùgbọ́n òwú kọ́tìnì a máa súnkì. Ní ti fìlà ọmọ ọwọ́, ẹ má ṣe fi bọ́tìnì sí i rárá.