Àwọn Àṣìṣe Tí À Ń Ṣe Lórí Yàrá Ìsàlẹ̀ Tó Ń Fa Omi

Ẹni tó bá mọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè á mọ irú ilé tí mò ń sọ. Bí ẹ bá dúró lójú títì, ilé ilẹ̀ lásán lẹ máa pè é. Ẹ wá yí sẹ́yìn, ẹ ó rí i pé yàrá méjì tún wà nísàlẹ̀, tí ilẹ̀ sì bo ògiri wọn kan dé àyà. Òkè ló fà á, àwa Èkìtì ò kúkú ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ púpọ̀. Láyé àwọn bàbá wa, kòkó àti iṣu ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Àwa la sọ ọ́ di yàrá ọmọ àti ibùsùn ayálégbé, ìgbà náà la sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ògiri ibẹ̀ ń fa omi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n pe akunlé. Èmi náà pè é. Ọ̀dà ara ògiri yàrá ìsàlẹ̀ ilé bàbá mi ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, akunlé ní ọ̀dà olóròóró tó ń dán ló máa dí omi pa. Oṣù Kejìlá la kùn ún, ó dán bíi dígí. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, ọ̀dà náà ti wú léléélé bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi ìka tẹ ọ̀kan, omi tú jáde. Àṣé ẹ̀yìn ògiri lomi ti ń bọ̀, ọ̀dà ò sì lè dá a dúró. Ńṣe la sé e mọ́nú, ó wá ń gun ògiri lọ sókè láti wá ibi tó máa gbà jáde. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí mo sì fowó mi ṣe nìyẹn. Ẹni tó lẹ táìlì mọ́ ọn tún ṣe jù mí lọ, torí kò ní tètè mọ̀ pé nǹkan ń bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá bíríkìlà kan ló là mí lóye. Ó wo ògiri, ó jáde lọ wo ìta, ó ní: "Ọmọ mi, ulé rẹ kọ́ ló ń làágùn. Òkè ló ń tọ̀ sí i lára."

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ mọ orísun omi. Ẹ gé náílọ́nù, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ yíká mọ́ ara ògiri, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ojú náílọ́nù tó kọjú sí yín, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń di omi lára ògiri tútù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn náílọ́nù ló tutù, inú ògiri lomi wà. Èyí tó ń tutù láàárín ọ̀gbẹlẹ̀ pàápàá, ẹ yẹ páìpù wò. Èyí tó ń burú sí i lẹ́yìn òjò, òkè ni, tàbí ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé tí kò ní gọ́tà. Ohun funfun bí iyẹ̀fun tó ń hù lára ògiri, iyọ̀ tí omi gbé jáde ni. Ẹ má fomi fọ̀ ọ́, ńṣe ló máa yọ́ padà sínú ògiri. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n.

Ìta niṣẹ́ wà. Mo ti rí ẹni tó da kọnkéré yí ilé rẹ̀ ká, tó wá dagẹ̀rẹ́ sí ara ògiri! Ó yẹ kí ilẹ̀ fi bí íńṣì mẹ́fà lọ sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kí omi máa sá fún ilé. Ní apá òkè, ẹ gbẹ́ kòtò, ẹ tẹ́ páìpù tí wọ́n lu ihò sí lára sí i, kó máa fi íńṣì kan lọ sílẹ̀ ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, kí ẹ wá fi òkúta wẹ́wẹ́ bò ó. Àmọ́ ẹ má gbẹ́ ẹ nígbà òjò, ẹ má sì tú ẹ̀gbẹ́ ògiri sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ yẹn wà lára ohun tó gbé ilé àtijọ́ dúró. Ẹ gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ dí i, kí ẹ tó kan èyí tó kù. Ẹ má gbẹ́ ẹ kọjá ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀. Oṣù Kìíní sí Ìkẹta ló dáa jù, kí ẹni tó mọṣẹ́ sì wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ilé alámọ̀ ni, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Amọ̀ ń mu omi, ó sì ń mí i jáde. Sìmẹ́ǹtì á dí i pa, amọ̀ á di ẹrẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ kan ni gbogbo ìrẹ́ náà á já wálẹ̀ pẹ̀lú odindi ìṣù ògiri. Amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ yanrìn ni kí wọ́n fi rẹ́ ilé amọ̀.

Fèrèsé ńkọ́? Ẹ ṣí i gbayawu nígbà ọyẹ́. Nínú oṣù Keje, afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ kún fún omi, bó bá wọlé kan ògiri tútù, omi ló máa dà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìkòkò eédú sínú yàrá ìsàlẹ̀ láti fi gbẹ ògiri. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀ láti fi tan fáànù. Májèlé inú èéfín wọn kò lóòórùn, ojú kò rí i, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.

Lẹ́yìn tí omi bá dúró, ìkánjú ni àṣìṣe tó kù. Ìṣirò tí a fi ń fojú díwọ̀n ni oṣù kan fún íńṣì kan, nítorí náà ògiri búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án lè gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án kó tó gbẹ dénú. Oṣù Kejì la gbẹ́ kòtò tiwa. Òjò ti rọ̀ títí, ògiri ò tutù mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì rí pálapàla, ojú sì ń ti màmá mi bí àlejò bá wọlé. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ìgbà tí a máa kùn ún. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá ná.