Bí A Ṣe Ń Sọ Èrò Ẹni Lórí Fọ́tò Etí Omi, àti Bí A Ṣe Ń Gbà Á

"Ó mà rẹwà o!" dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò kọ́ ẹni tó ya fọ́tò ní nǹkan kan. "Kò dáa tó" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó wúlò ni èyí tó tọ́ka sí ibì kan pàtó nínú fọ́tò, tó sì sọ ohun tí ojú rí níbẹ̀.

Kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ gbé fọ́tò náà sójú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀, kí ẹ sì wò ó dáadáa. Níbo ni ojú yín kọ́kọ́ lọ? Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni tó yà á pé: "Kí lẹ fẹ́ kí n rí?" Bó bá ní apẹja ni, tí ojú yín sì ti lọ bá ike funfun kan ní igun ìsàlẹ̀, ẹ ti rí ọ̀rọ̀ àkọ́sọ nìyẹn.

Ẹ wá wo ibi tí omi àti ojú ọ̀run ti pàdé. Bó bá fi díẹ̀ wọ́, kíá ni ojú á mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tètè dájọ́: etí odò tó ń sá jìnnà sí wa lè dagun nínú fọ́tò láìjẹ́ pé kámẹ́rà wọ́. Òpó tó dúró nínú omi ni kí ẹ wò. Bí omi bá pa rọ́rọ́, orí òpó àti àwòrán orí rẹ̀ nínú omi gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan tó lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ìlà yẹn bá dagun, kámẹ́rà ló wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló gba sùúrù jù. Bí oòrùn bá ń tàn yanran lórí omi, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú àwọn èèyàn á sì ṣókùnkùn. Ẹ lè ní kó gbé ìmọ́lẹ̀ sí +1 lórí kámẹ́rà nígbà míì, ìyẹn ni pé kí kámẹ́rà gba ìmọ́lẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ẹ tún wo àwòrán ojú ọ̀run nínú omi: ó sábà máa ń ṣú díẹ̀ ju ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ lọ. Bí àtúnṣe orí kọ̀ǹpútà bá ti mú kó mọ́lẹ̀ jù ú lọ, olùwòran á fura, bí kò tiẹ̀ lè sọ ìdí.

Ní ti ìgbì, bí ojú kámẹ́rà bá ṣí fún ìdá kan péré nínú 1000 ti ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa ń mú ẹ̀kán omi dúró sójú kan. Bó bá ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó máa ń mú kí omi jọ̀lọ̀. Méjèèjì dára. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni ti àárín méjì, tí omi kàn rí bàìbàì láìnídìí.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́, ẹ dárúkọ ohun kan tó dára gan-an, kí ẹ sì mú àbùkù kan péré tó tóbi jù. Àbùkù mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà máa ń lé akẹ́kọ̀ọ́ sá. Ẹ jẹ́ kó mọ èyí tó ṣeé tún ṣe nílé, bíi gígé etí fọ́tò, àti èyí tó gba pé kó padà sétí omi ní àfẹ̀mọ́júmọ́.

Bó bá jẹ́ fọ́tò tiyín ni wọ́n ń wò, ẹ má ṣàlàyé. Òtútù tó mú yín níbẹ̀ kò sí nínú fọ́tò. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ bí ẹ̀yìn òun bá wọ́, nítorí náà ẹ gbọ́ ọ tán, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé: "Níbo gan-an?" Bí ẹni mẹ́ta tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn bá tọ́ka sí ojú kan náà, ẹ tún un ṣe. Orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti ṣe é, kí ojúlówó wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi méjèèjì han ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀. Nígbà míì, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé ti àkọ́kọ́ sàn jù.